Àpérò àwọn Kristẹni lórí ìfúnni: ohun tí tọkọtaya yóò bá níbẹ̀

Bí tọkọtaya kan bá bi mí bóyá ó yẹ kí àwọn lọ sí àpérò tí àwọn Kristẹni ti máa ń jíròrò lórí bí a ṣe ń fi owó àti dúkìá ṣe ìtọrẹ, èsì mi ni pé ó yẹ, bí àwọn méjèèjì yóò bá jọ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni yóò lọ, tí yóò sì padà wá ròyìn fún ẹnì kejì, mo gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ààyè yóò gba àwọn méjèèjì, nítorí pé ohun tí ó dára jù lọ nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi ẹnu ròyìn. Èmi àti ọkọ mi jọ lọ sí ọ̀kan ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ààyè tí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀ fún tọkọtaya ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, kì í ṣe orúkọ àwọn tí ó pè é.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú ìpàdé tí ó jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò rò pé ìkówójọ ni. Kì í ṣe ìsọjí, kì í sì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń gbé igbá ọrẹ káàkiri. Àwọn tí ó máa ń wá síbẹ̀ ni àwọn tí ó ti ń fúnni tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ mọ bí wọn yóò ṣe fi ọgbọ́n, ìfẹ́ àti àdúrà ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, àpérò tí à ń pè ní The Gathering ti ń kó irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ jọ láti 1985. Ní 2000 ni Maclellan Foundation, tí ìdílé kan dá sílẹ̀ ní Chattanooga ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní 1945, bẹ̀rẹ̀ èyí tí à ń pè ní Generous Giving. Yàtọ̀ sí àpérò ńlá, Generous Giving tún ní ìpàdé kékeré kan tí ó máa ń gba nǹkan bí wákàtí 24, níbi tí ìwọ̀nba ènìyàn yóò ti jókòó yí ara wọn ká, tí wọn yóò wo fíìmù kúkúrú nípa àwọn olùfúnni, tí wọn yóò ka Ìwé Mímọ́, tí oníkálukú yóò sì sọ ti inú rẹ̀. Òfin kan náà ni The Gathering àti Generous Giving dì mú ṣinṣin: kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ tọrọ owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn tí ó ṣètò èyí tí àwa lọ ti kọ́ òfin náà lọ́wọ́ àwọn aṣáájú wọ̀nyí, wọ́n sì kà á sí wa létí kí wọ́n tó gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀.

Mo rò pé òfin yẹn ṣe tọkọtaya láǹfààní ju bí ó ti ṣe ẹni tí ó dá wá lọ. Níbi tí wọ́n bá ti ń tọrọ, ọkàn tọkọtaya kì í lọ sí ibì kan náà. Ẹni tí àánú tètè máa ń ṣe yóò ti na ọwọ́ sókè nígbà tí ẹnì kejì ṣì ń ro owó ilé ẹ̀kọ́ àti gbèsè tí ó wà nílẹ̀, tí wọ́n bá sì délé, ọ̀rọ̀ kò ní jẹ́ ti ọrẹ mọ́, yóò di ti ẹni tí ó nawọ́ láìbéèrè àti ẹni tí ó háwọ́. Ẹni tí ó tọrọ ti lọ, ó ti fi ìjà sílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa, kò sí ìdí fún ọkọ mi láti máa ṣọ́ àpò, kò sì sí ìdí fún èmi láti máa gbèjà ẹni tí ó ń ṣàìní. A lè fetí sílẹ̀. Mo rí i lójú ọkọ mi pé ara rẹ̀ rọ̀ láti ìdajì àárọ̀ àkọ́kọ́, èyí tí n kì í sábà rí bí ọ̀rọ̀ owó àti ìjọ bá pàdé. Ọkùnrin kan tí ó ń darí àjọ aláàánú fi ìwé kan lé e lọ́wọ́ ní àkókò ìsinmi, àwọn aṣètò sì lọ bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó gba ìwé rẹ̀ padà, ó sì tọrọ àforíjì. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n gan-an ni kí àwọn aṣètò di òfin wọn mú dé àyè yẹn lójú àwọn tí ó lè bínú, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí rẹ̀.

Àwọn ìtàn ni wọ́n fi kún ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn kan nínú wọn sì dára. Wọ́n sọ ti R. G. LeTourneau, ọkùnrin tí ó ń ṣe ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń wú ilẹ̀, tí ó fi ìdá 90 nínú 100 owó tí ń wọlé fún un ṣe ìtọrẹ, tí òun àti ìdílé rẹ̀ sì ń jẹ ìdá 10 tí ó kù. Wọ́n sọ ti John Wesley pẹ̀lú, oníwàásù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, pé nígbà tí ó ń gba 30 pọ́n-ùn lọ́dún, 28 ni ó ń ná, nígbà tí owó rẹ̀ di 60, 28 náà ni ó ń ná, nígbà tí ó sì di 90, tí ó tún di 120, kò kúrò lórí 28, ìyókù ni ó fi ń ta àwọn aláìní lọ́rẹ. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà fẹ́ràn ìtàn yẹn, ṣùgbọ́n olùbánisọ̀rọ̀ náà fò ohun kan tí ó kan àwa tí a jókòó ní méjì méjì: Wesley kò tíì gbéyàwó nígbà tí ó fi ààlà yẹn sí ìnáwó rẹ̀ ní Oxford. Ó di 1751 kí ó tó gbéyàwó, ìgbéyàwó náà kò sì dùn. Ó rọrùn fún ẹni tí ó dá wà láti sọ pé mo ti jẹun tó, mo ti wọṣọ tó. Ẹni tí ó ní aya tàbí ọkọ kò lè dá pinnu ohun tí ó tó fún ẹni méjì, bí ó bá sì dá a pinnu, kì í ṣe ìfúnni nìkan ni ó ṣe, ó ti fi ẹlòmíràn sínú ìfúnni láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìtàn Alan Barnhart àti Katherine, aya rẹ̀, fi wọ̀ wá lára ju ti Wesley lọ. Àwọn méjèèjì ni ó ti jọ fi òpin sí iye tí ìdílé wọn yóò máa ná kí ilé-iṣẹ́ Barnhart Crane and Rigging ní Memphis tó di ńlá lọ́wọ́ Alan àti Eric, arákùnrin rẹ̀. Nígbà tí ó di ńlá tán, èrè ń lọ sí ìtọrẹ, títí ó fi di 2007 tí ìdílé náà fi ìní ilé-iṣẹ́ ọ̀hún lé National Christian Foundation, àjọ Kristẹni kan tí ó ń tọ́jú owó ìtọrẹ, lọ́wọ́. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé wọ́n ti ṣe ìpinnu náà kí owó tó dé. Ẹni méjì tí kò tíì ní ohun púpọ̀ lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ohun tí yóò tó wọn, láìsí pé ọ̀kan ń fi ojú ṣọ́ ilé tuntun tí ẹnì kejì sì ń fi ojú ṣọ́ pápá míṣọ́nnárì. Mo fẹ́ kí wọ́n lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lórí bí wọ́n ṣe dé orí iye náà, ẹni tí ó kọ́kọ́ dá iye kan, àti ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Àwọn aṣètò kò fún un ní àkókò yẹn. Ó dùn mí, nítorí ẹ̀kọ́ tí a lè mú lò nílé wà nínú ohun tí wọ́n fò.

Àríwísí mi tí ó tóbi jù lọ ni pé orí pèpéle kò bá ohun tí wọ́n ń wàásù mu. Wọ́n ń sọ fún wa pé tọkọtaya ni kí ó jọ fúnni, ṣùgbọ́n ìtàn lórí ìtàn, ọkọ ni ó ń sọ ọ́, aya rẹ̀ yóò sì jókòó sí ìlà iwájú, wọn yóò ní kí ó dìde, yóò juwọ́, àwọn ènìyàn yóò pàtẹ́wọ́, yóò sì padà jókòó láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ń fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀ kò fi wọ́n sípò bẹ́ẹ̀. Obìnrin Ṣúnẹ́mù nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 4, ni ó kọ́kọ́ rí Èlíṣà, òun ni ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kí àwọn kọ́ yàrá kékeré kan fún ènìyàn Ọlọ́run, kí wọ́n gbé ibùsùn, tábìlì, ìjókòó àti fìtílà sínú rẹ̀. Lúùkù 8 dárúkọ Jòánà, aya Kúsà tí ó jẹ́ ìríjú Hẹ́rọ́dù, pẹ̀lú àwọn obìnrin mìíràn tí wọ́n ń fi ohun ìní wọn ṣe ìránṣẹ́ fún Jésù àti àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyí mọ ohun tí wọ́n ń fúnni àti ìdí tí wọ́n fi ń fúnni.

Ohun tí ó tún mú ọ̀rọ̀ náà burú sí i ni ètò tí wọ́n ṣe fún àwọn aya nìkan. Wọ́n kó wa lọ sí yàrá mìíràn, wọ́n sì bá wa sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe lè ti ọkọ wa lẹ́yìn àti bí a ṣe lè kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwà ọ̀làwọ́. Ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ wúlò, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ ni ó yẹ kí ó jókòó gbọ́ ọ pẹ̀lú wa. Ní wákàtí yẹn gan-an, àwọn lọ́yà àti oníṣirò owó ń ṣàlàyé nínú gbọ̀ngàn bí a ṣe ń ṣètò owó ìtọrẹ lábẹ́ òfin. Mo dìde, mo lọ bá ọkọ mi níbẹ̀, inú mi sì dùn pé mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń ṣàlàyé níbẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó kan opó kí ó tó kan ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ètò ti Amẹ́ríkà ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí ènìyàn ti lè kó owó tàbí ìpín ìdókòwò sínú àpò ìtọrẹ kan lọ́dọ̀ irú àjọ bíi National Christian Foundation, tí ó ti wà láti 1982. Ẹni tí ó fi owó sí i lè gba ìdínkù owó orí ní ọdún yẹn, yóò sì máa dámọ̀ràn ibi tí wọn yóò fi owó náà ránṣẹ́ sí nígbà tí ó bá yá. Bí ó bá ti wọ inú àpò náà, kò lè gbà á padà. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kò dá ọjọ́ kan tí owó inú irú àpò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde, ṣùgbọ́n fáúńdéṣọ̀n àdáni, ìyẹn àjọ ìtọrẹ tí ẹnì kan tàbí ìdílé kan dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, gbọ́dọ̀ máa pín nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 dúkìá rẹ̀ lọ́dọọdún. Obìnrin kan béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọkọ bá kú tí ó sì jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó wà lórí àpò náà. Èsì tí wọ́n fún un ni pé bí ọkọ náà kò bá kọ orúkọ ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ sílẹ̀, ìlànà àjọ tí ó ń tọ́jú owó náà ni wọn yóò tẹ̀lé, aya sì lè má ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Èmi àti àwọn obìnrin mẹ́ta mìíràn tí a ti kúrò ní yàrá àwọn aya wo ara wa lójú. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ ṣì wà ní yàrá kejì, wọn kò gbọ́ ọ. Irú òfin tí ó wà ní ibi tí oníkálukú ń gbé lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí obìnrin yẹn béèrè ni kí gbogbo tọkọtaya béèrè lọ́wọ́ lọ́yà wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Wákàtí tí ó ṣe wá lóore jù lọ kò ní olùbánisọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n fún ọkọ àti aya ní ìwé ìbéèrè kan náà, wọ́n ní kí oníkálukú lọ jókòó lọ́tọ̀ kí ó dáhùn rẹ̀, lẹ́yìn náà kí a pààrọ̀ ìwé, kí a sì jọ rìn jáde lọ kà á. Àwọn ìbéèrè náà kò le: ọrẹ wo ni o fi tọkàntọkàn ta rí tí ayọ̀ rẹ̀ kò tán? Ọrẹ wo ni ẹ ta tí ìwọ kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí? Ta ni o rò pé ìdílé yín kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ láìràn lọ́wọ́? Bí ẹ̀yin méjèèjì bá kú, mélòó ni kí ó kan àwọn ọmọ, mélòó ni kí ó lọ sí iṣẹ́ Olúwa? Ó yà mí lẹ́nu pé lẹ́yìn gbogbo ọdún tí a ti jọ gbé, n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà nípa ohun tí ọkọ mi yóò kọ sábẹ́ ìbéèrè kejì. A rí i pé ó fẹ́ kí a yan ibi díẹ̀, kí a sì dúró tì wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí àwọn tí à ń ràn lọ́wọ́ lè mọ ohun tí wọn yóò gbẹ́kẹ̀ lé. Èmi fẹ́ kí ọwọ́ wa ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ìṣòro rẹ̀ dé lónìí. Ohun tí ó ti ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa kì í ṣe iye owó rárá, bí kò ṣe èyí. Bí a ti rí i, kò ṣòro láti yanjú: a pín owó ìtọrẹ wa sí ọ̀nà mẹ́ta, èyí tí ó pọ̀ jù lọ fún àwọn ibi tí a jọ yàn fún ìgbà pípẹ́, ìpín kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀, ìpín kékeré kan lọ́wọ́ mi, a sì fohùn ṣọ̀kan pé kò sí ẹni tí yóò béèrè ìṣirò ìpín kékeré náà lọ́wọ́ ẹnì kejì.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé bí ọkọ àti aya bá ti fohùn ṣọ̀kan, ohun gbogbo ti dára nìyẹn. Ananíà àti Sáfírà fohùn ṣọ̀kan. Ìṣe Àwọn Àpósítélì, orí 5, sọ pé aya mọ̀ nípa owó tí ọkọ yọ pamọ́, Pétérù sì sọ fún ọkọ pé ilẹ̀ náà jẹ́ tirẹ̀ kí ó tó tà á, owó náà sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí ó tà á, èyí tí ó fi hàn pé kò sí ẹni tí ó fi dandan lé e pé kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá. Irọ́ ni wọ́n jọ pa. Olùdarí wákàtí yẹn mẹ́nu kan èyí ní ṣókí, mo sì rò pé òun nìkan ni ó sọ ohun tí ó wúwo nípa ìgbéyàwó ní gbogbo àpérò náà: pé tọkọtaya tí ó fẹ́ràn ìyìn ènìyàn lè ran ara wọn lọ́wọ́ láti ṣìnà. Ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, agogo lù nígbà tí ọ̀pọ̀ tọkọtaya kò tíì kà dé ìbéèrè kẹta, wọ́n sì pè wá padà wá gbọ́ ìtàn mìíràn nípa ilé-iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n tà.

Àwọn ènìyàn kan wà tí irú àpérò yìí kò tíì mọ bí yóò ṣe gbà wọ́n mọ́ra. Obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kì í ṣe onígbàgbọ́ jókòó tì wá, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan fún un, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ìmọ̀ràn yóò wúlò fún jù, nítorí owó tí ó fẹ́ ta lọ́rẹ jẹ́ owó àwọn méjèèjì. Bákan náà ni ti àwọn tí kò ní ilé-iṣẹ́ tí wọn yóò tà. Pọ́ọ̀lù fi àwọn ìjọ Makedóníà ṣe àpẹẹrẹ nínú Kọ́ríńtì Kejì, orí 8, pé nínú ìpọ́njú àti òṣì ńlá ni wọ́n ti fúnni ju agbára wọn lọ, wọ́n sì ka ẹsẹ yẹn sókè léraléra níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí tọkọtaya olówó oṣù kan lórí pèpéle. N kò sì rí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí à ń fi owó náà ràn lọ́wọ́ tí wọ́n pè wá sọ ohun tí ìrànlọ́wọ́ wa ṣe àti èyí tí ó bàjẹ́.

Fún tọkọtaya tí ó bá fẹ́ lọ, mo ní ìmọ̀ràn díẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fi tọrẹ ní ọdún tí ó kọjá sílẹ̀ kí ẹ tó lọ, títí kan èyí tí ẹ fún àwọn ẹbí, kí ẹ sì kọ gbèsè yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí ìwé ìbéèrè kò ní ṣe yín láǹfààní bí ẹ bá ń fi àbá dáhùn rẹ̀. Ẹ jọ lọ sí ìjókòó lórí òfin àti owó, ohunkóhun tí wọn ìbáà tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ lára àwọn ìjókòó mìíràn sílẹ̀ bí ó bá rẹ̀ yín, kí ẹ lò ó láti bá ara yín sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe pinnu ọrẹ ńlá kankan níbẹ̀, bí ọkàn yín tilẹ̀ gbóná. Ohun tí Olúwa bá sọ fún ẹ̀yin méjèèjì yóò ṣì wà bẹ́ẹ̀ ní oṣù tí ń bọ̀.

Mo kọ lẹ́tà sí àwọn aṣètò nígbà tí a délé, mo sì béèrè ohun méjì: kí wọ́n má ṣe fi ìjókòó àwọn aya kọlu ti àwọn lọ́yà mọ́, kí wọ́n sì fa wákàtí tọkọtaya gùn dé ìdajì ọjọ́. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé àwọn yóò ṣe èkíní, ṣùgbọ́n ètò ọjọ́ náà ti kún jù fún èkejì. A ti fi orúkọ sílẹ̀ fún ti ọdún tí ń bọ̀, ọkọ mi sì ti sàmì sí ìjókòó ìrọ̀lẹ́ tí a kò ní lọ, kí a lè rí ààyè parí àwọn ìbéèrè tí ó kù.